Fèrèsé Tó Tóbi Ju Ojú Ẹ̀rọ Lọ: Àyẹ̀wò Ìtàn Ìwọ̀n Nínú Ètò Kọ̀ǹpútà, Pẹ̀lú Àkíyèsí sí Ìgboro Ìbàdàn Àtijọ́

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí gbà pé ohun méjì tí yóò jọ gbé gbọ́dọ̀ bára mu ní ìwọ̀n. Nínú ìtàn kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ń fi ojú ẹ̀rọ tiwọn díwọ̀n fèrèsé tí wọ́n ń ṣe, tí ẹni tí ojú ẹ̀rọ tirẹ̀ kéré sì ń wá ọgbọ́n tí yóò fi rí iṣẹ́ ṣe.

Ohun tí iṣẹ́ yìí ń pè ní fèrèsé ni àyè onígun mẹ́rin tí ètò kọ̀ǹpútà máa ń là sílẹ̀ lójú ẹ̀rọ, kí ẹni tó ń lò ó lè kàwé, kí ó tẹ̀wé, tàbí kí ó dáhùn ìbéèrè níbẹ̀. Bí fèrèsé bá ga ju ojú ẹ̀rọ lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó sábà máa ń sọnù. Ìsàlẹ̀ yìí kan náà sì ni bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí iṣẹ́, irú èyí tí wọ́n kọ OK sí, máa ń wà. Ẹni tó ti kọ gbogbo ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tán kò ní rí ibi tí yóò tẹ̀ kí iṣẹ́ náà lè parí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìgboro Ìbàdàn gbọ̀ngbọ̀n. Ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrunka, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ atẹ̀wé, akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò kékeré fi ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni òbí ń mú ọmọ lọ kí wọ́n bá a kọ fọ́ọ̀mù ìdánwò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú. Bí bọ́tìnnì kan bá pamọ́ sábẹ́ ojú ẹ̀rọ, atẹ̀wé a gbà pé ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́, oníbàárà a sì gbà pé atẹ̀wé náà kò mọ iṣẹ́. Àbá tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọ̀kankan nínú wọn. Inú ìwọ̀n tí akọ̀wé ètò fi sọ́kàn ni àléébù náà ti bẹ̀rẹ̀, ìtàn sì lè fi ìdí èyí múlẹ̀.

2.0 Ìlànà Ìpínsọ́wọ̀ọ́: Agbo Ilé Ìbàdàn

Kí àlàyé tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ìlànà kan wà tí a lè fi pín àwọn àtúnṣe tó ti wáyé sí ọ̀wọ́. Ìtàn ilé kíkọ́ ní Ìbàdàn pèsè irú rẹ̀. Ìlú náà bẹ̀rẹ̀ bí àgọ́ ológun ní nǹkan bí 1829, agbègbè Ọjà'ba àti òkè Mápó sì jẹ́ àárín gbùngbùn rẹ̀. Inú agbo ilé ni àwọn jagunjagun àti àwọn ènìyàn wọn ń gbé; iyàrá tò yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì kọjú sínú. Nínú àwọn iṣẹ́ tí Akin Mabogunje ṣe lórí Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960, ó ṣàlàyé bí agbo ilé ńláńlá wọ̀nyí ṣe ń fọ́ sí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà tí ìdílé bá pọ̀ ju ilé lọ, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní ni kí wọ́n fa ilé jáde sí ojúde. Èkejì ni kí wọ́n pín àyè tó wà sí iyàrá wẹ́wẹ́. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n wó o, kí wọ́n sì tún un kọ́ ní ọ̀nà tí yóò gba ìdílé náà. Ọ̀nà mẹ́ta yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tọ̀, gẹ́gẹ́ bí yóò ṣe hàn ní ìpín karùn-ún.

3.0 Bí Ìwọ̀n Ṣe Di Ìṣòro

Ilé ìwádìí Xerox ní Palo Alto, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni fèrèsé orí kọ̀ǹpútà ti gbilẹ̀, lára ẹ̀rọ Alto tí wọ́n ṣe ní 1973. Xerox Star tẹ̀ lé e ní 1981, pẹ̀lú ojú ẹ̀rọ íńṣì 17. Ẹ̀rọ orí tábìlì ilé iṣẹ́ ńlá ni. Kò sí ẹni tó ń gbé e káàkiri. Ní oṣù kìíní 1984, ilé iṣẹ́ Apple gbé Macintosh jáde. Íńṣì 9 péré ni ojú rẹ̀. Àwọn kókó ìmọ́lẹ̀ tín-ín-tìn-ín tí àwọn onímọ̀ ń pè ní píksẹ́ẹ̀lì jẹ́ 512 ní ìbú àti 342 ní òòró. Síbẹ̀, kò sí wàhálà. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni gbogbo Macintosh ìgbà náà ní, akọ̀wé ètò sì mọ ìtẹ́ tí eku rẹ̀ yóò gbé.

Ní 1985, Microsoft gbé Windows àkọ́kọ́ jáde. Nínú rẹ̀, ètò náà fúnra rẹ̀ ló ń pín ojú ẹ̀rọ fún àwọn fèrèsé, wọ́n sì ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìgun ara wọn. Ẹ̀dà kejì, tó jáde ní 1987, yọ̀ǹda kí fèrèsé gun orí fèrèsé, kí olúkúlùkù sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni IBM gbé ìlànà VGA jáde, èyí tó fún ojú ẹ̀rọ ní píksẹ́ẹ̀lì 640 ní ìbú àti 480 ní òòró. Nígbà tí Windows XP dé ní 2001, ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n béèrè fún ti di 800 sí 600. Ìwọ̀n tí ìran kan kà sí ọrọ̀ ti di ohun tí ìran tó tẹ̀ lé e kà sí ìṣẹ́.

Ìdí mìíràn wà tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le. Fèrèsé tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà ṣe é fà, ó sì ṣe é dín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fèrèsé ìbéèrè, tí wọ́n fi ń gba èsì lẹ́nu ènìyàn, kò ṣe é dín rárá. Akọ̀wé ètò ti wọn ibi tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan yóò wà láti igun òkè apá òsì, ó sì kàn án mọ́ ibẹ̀. Bí ojú ẹ̀rọ kò bá gùn dé ibẹ̀, bọ́tìnnì náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kò lè rí i.

4.0 Ọdún 2007 àti Ẹ̀yìn Rẹ̀

Ọdún 2007 ni ìṣòro yìí kan Nàìjíríà ní tààràtà. Ọdún náà ni kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré olówó pọ́ọ́kú di ohun tí gbogbo ayé ń sọ. Classmate tí Intel ṣe fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní ojú íńṣì 7, pẹ̀lú píksẹ́ẹ̀lì 800 ní ìbú àti 480 ní òòró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Eee PC àkọ́kọ́ ti ilé iṣẹ́ Asus rí. Ní ọdún náà, ilé iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé kéde pé ètò tirẹ̀ ni yóò wà nínú Classmate 17,000 tí Nàìjíríà béèrè fún.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Fèrèsé tí wọ́n ṣe kí ó kún ojú ẹ̀rọ tó ga ní 600 yóò pàdánù ìlà 120 lójú ẹ̀rọ tó ga ní 480. Ìdá kan nínú márùn-ún gíga rẹ̀ nìyẹn, ìdá tí bọ́tìnnì wà nínú rẹ̀ sì ni.

Ẹ̀rọ XO ti àjọ One Laptop per Child, tí wọ́n dán wò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima, ní Àbújá, ní 2007 kan náà, gba ọ̀nà mìíràn. Íńṣì 7.5 ni ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n píksẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ 1200 sí 900. Sugar, ètò tó wà nínú rẹ̀, kò fi fèrèsé gun fèrèsé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń kún ojú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ṣe é ti ro ọwọ́ tí ẹ̀rọ náà ń lọ kí wọ́n tó kọ ètò rẹ̀, wọn kò sì nílò kí ọmọdé kọ́ ọgbọ́n àtiwá bọ́tìnnì.

Irú ìrònú bẹ́ẹ̀ kò tàn kálẹ̀ kíákíá. Nígbà tí Windows 8 jáde ní 2012, àwọn áàpù tí wọ́n ń gbà láti inú Windows Store kò ṣí lójú ẹ̀rọ tó bá kéré sí 1024 sí 768. Bẹ́ẹ̀ sì ni 1024 sí 600 ni ìwọ̀n ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ti tà ní ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà. Ẹni tó bá rà wọ́n ní tòkunbọ̀ ra ẹ̀rọ tí ilẹ̀kùn ti sé mọ́ ṣáájú kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé ojú ẹ̀rọ òde òní ti fẹ̀ tó báyìí, kí ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀. Kò tíì tán. Ojú ẹ̀rọ tó ní píksẹ́ẹ̀lì 1366 sí 768 wọ́pọ̀ lára kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀. Bí àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ bá sọ pé kí lẹ́tà tóbi dé ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún, àyè tó kù fún fèrèsé yóò dín sí nǹkan bí 911 sí 512. Ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ fún ojú rẹ̀ ti padà sí ìṣòro ọdún 2007.

5.0 Ọ̀nà Àtúnṣe Mẹ́ta

5.1 Fífa jáde sí ojúde. Èyí ni àtúnṣe tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lo ẹ̀rọ. Nínú Windows, tí onítọ̀hún bá tẹ Alt pọ̀ mọ́ ọ̀pá àlàfo, tí ó sì tẹ lẹ́tà M, ó lè fi àwọn bọ́tìnnì ọfà ti fèrèsé náà sókè, títí orí rẹ̀ yóò fi kọjá ojú ẹ̀rọ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò sì yọ. Nínú ọ̀pọ̀ ètò Linux, títẹ Alt mọ́lẹ̀ kí wọ́n sì fi máòsì fa àárín fèrèsé tó. Nínú GNOME òde òní, bọ́tìnnì tó ní àmì Windows ló rọ́pò Alt. Linux tún lè fún tábìlì iṣẹ́ ní ìwọ̀n tó ju ojú ẹ̀rọ lọ, kí ìran máa ṣí tẹ̀ lé máòsì bí ó bá ti dé etí. Ọgbọ́n wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nìkan ló wà fún.

5.2 Pípín sí iyàrá. Ní 1986, Austin Henderson àti Stuart Card ní ilé ìwádìí Xerox ṣàlàyé ètò kan tí wọ́n pè ní Rooms, èyí tí ó túmọ̀ sí iyàrá. Wọ́n ṣàkíyèsí pé fèrèsé ń du àyè mọ́ ara wọn lójú ẹ̀rọ kékeré, wọ́n sì pín iṣẹ́ sí iyàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ènìyàn lè máa wọlé tí ó sì lè máa jáde. Ọ̀pọ̀ tábìlì iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà òde òní jẹ́ irú ìpín bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, pípín iyàrá kò ran fèrèsé kan ṣoṣo tó tóbi ju iyàrá náà lọ lọ́wọ́.

5.3 Títún kọ́. Ní 2010, Ethan Marcotte dábàá pé kí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì máa tún ara rẹ̀ tò gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ojú ẹ̀rọ bá ṣe rí. Ìlànà yìí wọnú ètò kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú: libadwaita, tí àwọn tó ń kọ GNOME gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ìparí 2021, ní ohun èlò tí fèrèsé fi lè fún ara rẹ̀ pọ̀ títí dé ojú fóònù. Àtúnṣe tó rọrùn ju èyí lọ náà wà: kí àárín fèrèsé ìbéèrè ṣe é yí sókè sódò, kí bọ́tìnnì sì dúró ní ibi tí ojú yóò ti máa rí i. Ọ̀nà kẹta yìí nìkan ló gbé ẹrù náà kúrò lórí ẹni tó ń lò ó, tó sì gbé e lé ẹni tó kọ ọ́.

6.0 Èdè Yorùbá Nínú Fèrèsé Tóóró

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò mọ sórí gíga fèrèsé. Microsoft ti gbé àfikún èdè Yorùbá jáde fún Windows 7. Nígbà tí wọ́n bá túmọ̀ ètò sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú kan lè di gbólóhùn. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn bọ́tìnnì, ìdajì ọ̀rọ̀ Yorùbá ni yóò hàn. Bí wọ́n bá sì wọn gíga àpótí ọ̀rọ̀ fún lẹ́tà tí kò ní àmì, àmì orí ẹ̀ àti ààmì abẹ́ ọ̀ yóò gé kúrò. Nígbà náà, kò sí ohun tí yóò ya ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ tí èrò ń wọ̀. Ohun tí ojú Gẹ̀ẹ́sì rí bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lójú Yorùbá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà sọ Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bí fèrèsé náà bá ní àyè fún un.

7.0 Ìkádìí

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò fi hàn pé láti 1987 títí di òní, fífẹ̀ tí ojú ẹ̀rọ ń fẹ̀ kò yanjú ìṣòro náà, nítorí pé fèrèsé ń bá a fẹ̀, ojú àgbà ń béèrè lẹ́tà ńlá, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń dé ìgboro sì jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ti lò. Níbi tí wọ́n ti ro ìwọ̀n ṣáájú, bí i ti Macintosh 1984 àti XO 2007, ojú kékeré kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọgbọ́n Alt àti ọfà, nítorí pé ó ń gba iṣẹ́ ọjọ́ òní là. Ṣùgbọ́n ó pọn dandan ju bẹ́ẹ̀ lọ pé kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́, iléeṣẹ́ ìjọba tàbí àjọ ìdánwò tó bá ń gbé ètò jáde fún gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ṣí i lójú ẹ̀rọ tó kéré jù tí wọ́n lè rí ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá àti pẹ̀lú àmì ohùn pípé. Bí bọ́tìnnì bá hàn níbẹ̀, yóò hàn níbi gbogbo.