Orúnkún Eyín Erin
Ìyá oníṣòwò kan ní Bobiel, ní Niamey, bi mí bóyá wọ́n lè pààrọ̀ orúnkún rẹ̀ tó ti wọ́. Wọ́n lè ṣe é. Ní 1890, ní Berlin, Themistocles Gluck fi eyín erin gbẹ́ orúnkún. Kòkòrò ikọ́ ife inú eegun kò jẹ́ kó pẹ́. Ní 1974, John Insall àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York lo irin àti ike. Síbẹ̀, bí ẹsẹ̀ kò bá tọ́ láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀, tuntun náà lè tètè jẹ.

Owó rẹ̀ ju èrè ọjà màmá lọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan láti Jos, tó jáde ní 1999, fi hàn pé àìtó kálísíọ̀mù nínú oúnjẹ ló ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ níbẹ̀, kì í ṣe àìrí oòrùn. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a lọ̀ teegunteegun kò wọ́n tó iṣẹ́ abẹ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.