Asofẹ́yẹjẹ àti Ìtọ́jú Àrùn Ọkàn Nílẹ̀ Yorùbá

Kí Dókítà T. A. Lambo tó dá ètò ìtọ́jú abúlé sílẹ̀ ní Aro, Abẹ́òkúta, ní 1954, àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi egbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè. Oorun àsùnwọra ni ó máa ń gbé aláìsàn lọ. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland rí reserpine yọ láti ara ìbátan igi yìí tí ń hù ní Íńdíà. Raymond Prince sì tẹ àkọsílẹ̀ jáde ní 1960 lórí ìlò àwọn oníṣègùn Nàìjíríà.

Ìyìn tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ń rọ wèrè lójú lè má tu oníbànújẹ́ lára: kí 1960 tó dé, àwọn dókítà ti ròyìn pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá àwọn kan tí ń lo reserpine fún ẹ̀jẹ̀ ríru.