Ọdẹ orí
Inú igbó ni ọdẹ ti ń ṣọdẹ ẹran; inú orí ọmọ ènìyàn ni ọdẹ orí ti ń rìn. Ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe á ní nǹkan ń rìn lórí òun bí èèrà, etí òun ń hó, àyà òun ń já, oorun ò kùn òun.

Kì í ṣe wèrè.

Lábẹ́ ọdẹ orí, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àníyàn àníjù ni àwọn dókítà sábà máa ń rí, ìtọ́jú sì wà fún méjèèjì. Ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Aro, l'Abẹ́òkúta, láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sílé àwọn ará abúlé, kí wọ́n máa gbàtọ́jú láàárín ènìyàn. Ilé ìwòsàn náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹni tí kò bá sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọkàn rẹ̀ sì wúwo, kó tètè rí dókítà.