Ìlú Tí Wọ́n Tà Ní Púlọ́ọ̀tì Láti Ra Ènìyàn Padà: Ìtẹ̀dó New Philadelphia Ní Illinois

Àwọn tó ń kọ ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ àwọn ìlú dó sórí pápá gbalasa àárín Amẹ́ríkà sábà máa ń fi àáké ṣáájú: ọkùnrin kan dé, ó gé igi, ó kọ́ ilé, ó tú ilẹ̀, ìlú sì bẹ̀rẹ̀. New Philadelphia, ní Hadley Township, Pike County, ìpínlẹ̀ Illinois, kò bá ìtàn yìí mu tán. Lóòótọ́, Frank McWorter tó tẹ̀ ẹ́ dó gé igi, ó sì dáko, ṣùgbọ́n ìwé àti owó ló fi gbé ìlú náà dìde ju àáké lọ, torí pé ohun tó ń wá ni bí yóò ṣe rí owó ra àwọn ọmọ rẹ̀ tó kù lóko ẹrú.

Township kì í ṣe ìlú. Ìwọ̀n ilẹ̀ ni. Òfin tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 1785 pàṣẹ pé kí àwọn awọnlẹ̀ fa ìlà sórí ilẹ̀ kí wọ́n tó tà á, kí township kọ̀ọ̀kan jẹ́ máìlì 6 ní ìbú àti máìlì 6 ní òòró, kí wọ́n pín in sí apá 36 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ éékà 640, kí wọ́n sì ya apá kẹrìndínlógún sọ́tọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́. Láàárín odò Mississippi àti odò Illinois, níbi tí Pike County wà, ìjọba ya ilẹ̀ púpọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó ja ogun 1812, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi ojú kan ilẹ̀ náà rí. Ńṣe ni wọ́n ta ìwé rẹ̀ fún àwọn tó ń fi ilẹ̀ ṣòwò. Àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Sauk àti Meskwaki tó ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ìjọba sọ pé wọ́n ti fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ nínú àdéhùn 1804, àdéhùn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà títí dọjọ́ tí wọ́n lé wọn kúrò, ọ̀ràn tí àwọn ìwé ìtàn ìlú kéékèèké ibẹ̀ kì í fẹ́ràn láti dárúkọ.

Ìpínlẹ̀ South Carolina ni wọ́n ti bí Frank ní 1777, sínú oko ẹrú. Ní 1795, olówó rẹ̀ mú un lọ sí Pulaski County ní Kentucky, níbi tó ti jẹ́ kí ó máa gba iṣẹ́ ṣe fún ara rẹ̀ ní àkókò tó bá ṣẹ́kù, bí ó bá ti ń san owó fún òun. Iṣẹ́ tó là á ni ṣíṣe saltpeter, iyọ̀ tí wọ́n fi ń po ẹ̀tù ìbọn. Wọ́n á wa erùpẹ̀ láti inú ihò àpáta, wọ́n á da omi sí i kí ó máa ro kán sísàlẹ̀ bí àwọn aláró ṣe ń ro omi eérú, wọ́n á wá po omi ọ̀hún mọ́ omi eérú igi, wọ́n á sì sè é títí yóò fi dì. Nígbà tí ogun 1812 dé, tí ẹ̀tù wọ́n, owó iyọ̀ yìí lọ sókè.

Owó tó kó jọ kò kọ́kọ́ bá ara rẹ̀ lọ. Ní 1817 ó san 800 dọ́là lórí Lucy, ìyàwó rẹ̀, tó wà nínú oyún nígbà náà, nítorí pé òfin sọ pé ipò ìyá ni ọmọ ń jogún: bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú ni ọmọ inú rẹ̀. Squire, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà, ni ó kọ́kọ́ fojú ayé rí òmìnira láti ọjọ́ ìbí nínú ilé yẹn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Frank tó san 800 dọ́là mìíràn lórí ara rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń jẹ́ Frank bíi tirẹ̀ ti sá lọ sí Kánádà. Ní 1829 baba rẹ̀ fi gbogbo ilé iṣẹ́ saltpeter náà dípò owó, kí ọmọ náà lè padà wá bí òmìnira. Ẹni tó bá ro ohun tó fi lélẹ̀ níhìn-ín yóò rí i pé irin iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ gan-an ni.

Ní 1830 ó kúrò ní Kentucky lọ sórí éékà 160 kan tí kò tíì fojú rí nígbà tó rà á. Ó mú Lucy àti àwọn ọmọ tó ti dòmìnira dání, ó sì fi àwọn tó kù sẹ́yìn. Illinois kì í ṣe ìpínlẹ̀ tó ń fi gbogbo ara gba ẹrú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ náà: ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ fi ìwé òmìnira rẹ̀ han àwọn aláṣẹ, kí ó sì fi 1,000 dọ́là ṣe ìdúró. Nígbà tí ìdílé náà dé Hadley ní 1831, wọn kò bá ẹnì kankan tó ti tẹ̀dó níbẹ̀ ṣáájú wọn.

Ní 1836 ó ra éékà 80 mìíràn lọ́wọ́ ìjọba, ní dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 25 fún éékà kan. Ó ní kí wọ́n wọn éékà 42 nínú rẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì 144, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní òòró, pẹ̀lú òpópónà tó là á já, ó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí ẹnì kan tó kọ́lé síbẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ hàn kedere: ilẹ̀ tí éékà rẹ̀ kò ju dọ́là kan àti díẹ̀ lọ bí oko yóò mówó wọlé ju bẹ́ẹ̀ lọ bí púlọ́ọ̀tì, owó náà yóò sì padà sí Kentucky láti ra ọmọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Illinois fi òfin fún un ní orúkọ Frank McWorter, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti rà, láti tà, àti láti peni lẹ́jọ́. Ẹ̀tọ́ yìí ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ, nítorí pé ẹni tí kò lè peni lẹ́jọ́, ẹnikẹ́ni lè rẹ́ ẹ jẹ lórí ilẹ̀.

Àti dúdú àti funfun ló ra púlọ́ọ̀tì. Alágbẹ̀dẹ, káfíńtà, aránbàtà àti oníṣọ́ọ̀bù gbé ibẹ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ sì wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù kò jìnnà, nítorí pé Hannibal, ní Missouri tí wọ́n ti ń ta ẹrú, wà ní òdìkejì odò Mississippi, àwọn tó ń jí ènìyàn gbé sì lè mú aláwọ̀ dúdú tó ní òmìnira lọ tà. Ìtàn ìdílé McWorter sọ pé wọ́n ran àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú lọ́wọ́ lọ́nà Kánádà.

Frank kú ní 1854 láìtíì parí iṣẹ́ náà. Ó fi í sínú ìwé ìhágún rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì rà lára àwọn ọmọ-ọmọ padà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Lápapọ̀, ènìyàn 16, pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀, ló gba òmìnira nípa rírà yìí, owó tó sì bá a lọ tó nǹkan bíi 14,000 dọ́là.

Nǹkan bíi 160 ènìyàn ló wà ní ìlú náà ní 1865. Ọkọ̀ ojú irin ló pa á lára: ọ̀nà irin tí wọ́n là ní 1869 gba àríwá kọjá, ó yà á sílẹ̀, àwọn oníṣòwò sì tẹ̀ lé e lọ síbi tó ti ń dúró. Ní 1885, ìjọba ti fagi lé apá kan nínú púlọ́ọ̀tì náà, ó sì padà di ilẹ̀ oko. Ní 2004 ni àwọn awalẹ̀pìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í hú ìpìlẹ̀ ilé àti àfọ́kù àwo jáde níbẹ̀. New Philadelphia ni ìlú àkọ́kọ́ tí ìtàn mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú wọ̀n, tó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ṣáájú Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá 2022 ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ibi ìtàn lábẹ́ àbójútó àjọ ọgbà orílẹ̀-èdè.