Ọdẹ Tó Fi Kámẹ́rà Rọ́pò Ìbọn

Ọdẹ ni bàbá bàbá mi. Tí ilẹ̀ bá ṣú, á so fìtílà mọ́rí. Bí iná bá tàn sí ẹranko lójú, ńṣe ló máa dúró sójú kan. Ìbọn á sì dún.

Ọgbọ́n yìí náà ni George Shiras, agbẹjọ́rò ọmọ Amẹ́ríkà, mú lò lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ Ojibwe: iná níwájú ọkọ̀, lórí adágún kan ní ìpínlẹ̀ Michigan, lóru. Nígbà tó yá, ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó mú kámẹ́rà. Ó tún máa ń so okùn mọ́ kámẹ́rà, á fi oúnjẹ sí i. Ẹranko tó bá fà á á ya fọ́tò ara rẹ̀.

Ní July 1906, National Geographic tẹ fọ́tò rẹ̀ 74 jáde. Méjì nínú ìgbìmọ̀ wọn fipò sílẹ̀ tìbínú-tìbínú, wọ́n ní ìwé ìmọ̀ ti di ìwé àwòrán.

N ò bú bàbá bàbá mi. Ẹran rẹ̀ ló bọ́ wa. Àmọ́ púpọ̀ nínú ẹranko tó dárúkọ fún mi, n ò rí wọn rí. Ti Shiras ṣì ń wò wá.

Bí òkété bá sá kọjá lẹ́yìnkùlé yín lónìí, ẹ sọ òkò sílẹ̀, ẹ yọ fóònù.