Ọ̀dà aláwọ̀ síléètì nínú ilé

Ọ̀dà aláwọ̀ síléètì jẹ́ ọ̀dà tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín aró àti eérú, tí ó sì ṣókùnkùn. Ó jọ síléètì tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ̀wé sí láyé àtijọ́, ó sì jọ ojú ọ̀run nígbà tí òjò bá ṣú. A máa ń fi í kun ògiri pálọ̀ tàbí yàrá láti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Nítorí pé ó máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, bí fèrèsé yàrá bá ṣe pọ̀ tó ni yóò sọ bóyá ó yẹ ẹ́.

Orúkọ àwọ̀ náà

Nínú èdè Yorùbá, orúkọ àwọ̀ mẹ́ta ni ó jẹ́ ìpìlẹ̀: funfun, pupa àti dúdú. Aró tí ó ki àti eérú tí ó ṣókùnkùn wà lábẹ́ dúdú. Bí a bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, ohun tí ojú mọ̀ ni a fi ń júwe wọn. Láti ara ewé èlú ni àwọn aláró ti ń ṣe aró tí wọ́n fi ń pa àdìrẹ láró. Wàjì, tí ó wá láti ara èlú bákan náà, ni àwọn ènìyàn fi ń kun irun orí ère ìbejì.

Pípò àti ìmọ́lẹ̀

Àwọn akunlé a máa da àwọ̀ aró àti dúdú díẹ̀díẹ̀ sínú ọ̀dà funfun, wọn a sì rò ó pọ̀. Láti 0 dé 100 ni a ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀dà ń dá padà: 0 ni ti dúdú pátápátá, 100 sì ni ti funfun pátápátá. Ọ̀dà aláwọ̀ síléètì kì í sábà kọjá 20.

Lílò ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko

Àwọn àdúgbò wọ̀nyí wà ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkó, lẹ́bàá òpópónà tí ó lọ sí Àgbádárìgì. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, wà ní Ọ̀jọ́, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gba yàrá kan ṣoṣo nítòsí rẹ̀. Bí irú yàrá bẹ́ẹ̀ bá ní fèrèsé kan, tí a sì kun ògiri rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àwọ̀ yìí, ẹni tí ó fẹ́ kàwé lọ́sàn-án lè ní láti tan iná. Bí kò bá sí iná mànàmáná, ó lè ṣòro fún un láti kàwé níbẹ̀. Ohun tí ó dára jù ni kí a kun ògiri kan, kí a sì fi àwọn yòókù àti àjà sílẹ̀ ní funfun.

Ilẹ̀ apá kan àgbègbè náà jẹ́ àbàtà, ọ̀rinrin sì ń gun ògiri láti ìsàlẹ̀. Iyọ̀ funfun tí ọ̀rinrin bá fi sílẹ̀ máa ń hàn ketekete lára àwọ̀ yìí, nítorí náà, ọ̀rinrin ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú. Ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí a tó kùn ún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó sì rọrùn jù fún iṣẹ́ náà.

Ó yẹ kí ayálégbé gba àṣẹ onílé kí ó tó kùn ún, nítorí ọ̀dà funfun ẹ̀ẹ̀kan kì í bo àwọ̀ yìí.