Ìwọ̀fà, Òṣómàáló àti Káàdì: Ìtàn Àwìn Tí A Fi Ń Tún Ilé Ṣe

 

Ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo àwa tí a ń gbé ìlú onílùú tí a sì ń kọ́lé sílé. Ibí ni a ti ń pawó, ilé bàbá wa ni páànù ti ń jò. A fẹ́ pààrọ̀ òrùlé, a fẹ́ lẹ táìlì, owó ò sì tíì pé. Ibẹ̀ ni àwìn ti ń wọlé. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà ń sọ pé ilé ìtajà tó ń ta pákó àti ọ̀dà lọ́hùn-ún ń fún èèyàn ní káàdì, kó fi gbé ọjà lọ, kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Níbí náà, orí fóònù ni wọ́n ti ń yáni lówó báyìí. Àwọn kan ní ayé ti dé. Ṣùgbọ́n àwìn ò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Oríṣi mẹ́ta ni àwọn baba wa mọ̀, ó sì yẹ ká mọ ìyàtọ̀ wọn ká tó na ọwọ́ gba káàdì ẹnikẹ́ni.

Àkọ́kọ́ ni èésú. Èèyàn mẹ́wàá á kó ara wọn jọ, wọ́n á máa dá iye kan náà lóṣooṣù, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀, ó di ẹlòmíì. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o yá owó ni, ẹni tó kó o gbẹ̀yìn fi owó pamọ́ ni, síbẹ̀ kò sí èlé láàárín wọn. Àwọn àgbà ní èésú ò lérè, iye tí èèyàn bá dá ni yóò kó. Ọ̀jọ̀gbọ́n William Bascom, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1952. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sì gbé e dé Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní. Páànù tó wà lórí ilé ọ̀pọ̀ ìyá wa, owó èésú ló rà á.

Èkejì ni òṣómàáló. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ló ni orúkọ yìí. Wọ́n á di aṣọ, wọ́n á gbé e láti abúlé sí abúlé títí dé Òkè Ọya, wọ́n á tà á láwìn. Tí ọjọ́ owó bá pé, oníṣòwò á dé ẹnu ọ̀nà, á ní òṣó ni òun máa ló títí òun á fi gba owó òun. Òótọ́ ni pé aṣọ àwìn wọ́n ju aṣọ owó ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan kan níbẹ̀: iye tí wọ́n bá jọ ṣàdéhùn lọ́jọ́ tí èèyàn gbé aṣọ, iye yẹn náà ló jẹ. Tó bá pẹ́ kó tó san án, ojú lè tì í, ó lè gbọ́ èébú, àmọ́ gbèsè náà kì í bímọ. Owó òṣómàáló sì wà lára owó tó kọ́ ilé ní Iléṣà.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀fà, òun ló gbóná jù. Tí ìsìnkú, àìsàn tàbí gbèsè bá dé bá ẹnì kan, á lọ yá owó lọ́wọ́ olówó, á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé èyí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tó kọ parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni. Kò bu kọ́bọ̀ kan kúrò lára owó tí wọ́n yá. Ó lè ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, iye tí wọ́n yá lọ́jọ́ kìn-ín-ní ṣì wà níbẹ̀ digbí, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá kó gbogbo owó náà sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Nígbà tó yá, ayé òyìnbó dé. Wọ́n rí èédú ní Enugu ní 1909, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915, rélùwéè láti Port Harcourt sì dé ní 1916. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tó bá iṣẹ́ rélùwéè àti iṣẹ́ ìjọba wá síbí, oníṣòwò sì tẹ̀ lé wọn. Láyé ìgbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó bíi UAC àti John Holt ń fún àwọn oníbàárà ńlá ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní passbook. Gbé ọjà lọ, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, tí o bá tà á tán wàá san án. Bàbá ńlá káàdì nìyẹn. Àmọ́ ọjà títà ni wọ́n fi ń gbé. Àwa oníṣòwò mọ ìyàtọ̀ ibẹ̀ dáadáa: ọjà tí a gbé láwìn máa ń bí owó tí a ó fi san án. Òrùlé kì í bí nǹkan kan, àfi tí ayálégbé bá wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìjọba náà gbìyànjú. Òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jáde ní 1935. Wọ́n dá Nigerian Building Society sílẹ̀ ní 1956, kó máa yáni lówó ilé. Ní 1977 ó di Federal Mortgage Bank. Ní 1957 ni ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì Nkalagu bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítòsí wa níbí, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Símẹ́ńtì sún mọ́ wa, owó tí a ó fi rà á ni ò sún mọ́ wa. Òfin National Housing Fund ti 1992 ní kí òṣìṣẹ́ máa dá 2.5 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ara wa náà sì lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n báǹkì fẹ́ rí ìwé ilé. Ilé tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ méje, orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé rẹ̀? Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń padà sọ́dọ̀ èésú àti kọ̀ọ́pù.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa lókè òkun. Láti 1908 sí 1940, ilé ìtajà Sears ní Amẹ́ríkà ń ta odidi ilé: pákó, ìṣó, fèrèsé, ọ̀dà, gbogbo rẹ̀ á bá ọkọ̀ ojú irin dé, oníbàárà á tò ó. Ilé tí wọ́n tà lé ní 70,000. Sears tún ń yá àwọn oníbàárà lówó láti fi rà á. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dojú dé lẹ́yìn 1929, ọ̀pọ̀ ò rí owó san mọ́, Sears sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tirẹ̀. Láyé òde òní, àwọn ilé ìtajà bíi Home Depot àti Lowe's ló ń fúnni ní káàdì. Ọ̀rọ̀ dídùn ibẹ̀ ni pé kò sí èlé tí o bá san gbogbo rẹ̀ kí oṣù mẹ́fà tó pé. Ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìwé ni pé tó bá ku dọ́là kan ṣoṣo, wọ́n á ka èlé padà láti ọjọ́ tí o ti gbé ọjà, èlé náà sì máa ń sún mọ́ 30 nínú 100 lọ́dún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Ọmọ yín gbé ọjà 1,200 dọ́là. Tó bá ń san 200 lóṣù, ní oṣù kẹfà ó ti bọ́, kò san èlé kankan. Tó bá ń san 190, ó ku 60 péré. Nítorí 60 yẹn, èlé tó lé ní 100 dọ́là á já lé e lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tó bá wá jẹ́ pé owó kékeré tí wọ́n ní kó máa san lóṣù nìkan ló ń san, èlé ni yóò jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ojú gbèsè kò ní yí padà bọ̀rọ̀. Ṣé ẹ rántí ìwọ̀fà? Òun náà nìyẹn. Ó ń ṣiṣẹ́ lóko olówó, gbèsè dúró digbí. Káàdì náà wọ aṣọ òṣómàáló, ìwọ̀fà ló wà nínú rẹ̀.

Ti orí fóònù ńkọ́? Johnson sọ̀rọ̀ nípa ológò, ẹni tí wọ́n ń rán lọ dógò ti onígbèsè. Á jókòó sílé rẹ̀, á máa pariwo, á máa mú adìyẹ ẹni ẹlẹ́ni, títí àwọn ará ilé á fi wá owó náà. Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, tí wọ́n ń fi àtẹ̀jáde ránṣẹ́ sí àna àti pásítọ̀ onígbèsè, ológò ni wọ́n. Nítorí ìwà yìí wà lára ohun tí FCCPC ṣe gbé ìlànà jáde fún wọn ní 2022.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni má ra àwìn o. Ní oṣù kejì 2024, àpò símẹ́ńtì kan ti gun orí 10,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi, kí ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣàdéhùn 7,000 sí 8,000. Ẹni tó ti ra tirẹ̀ láwìn ṣáájú, iye owó sì ti dúró sójú kan, ó jèrè. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, èlé tí báǹkì àpapọ̀ gbé kalẹ̀ dé 27.5 nínú 100, ti àwọn báǹkì yòókù sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ kan òrùlé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Enugu ló máa san án. Tí ṣọ́ọ̀bù bá sì kú, kí la ó fi tọ́jú ilé náà?

Nítorí náà, kí ẹ tó gba káàdì, kí ẹ tó tẹ fóònù, ẹ bi wọ́n léèrè: àpapọ̀ owó tí màá san títí yóò fi tán, èló ni? Tí mo bá pẹ́, ṣé ó máa lé sí i? Owó tí mò ń san lóṣù, ṣé ó ń dín gbèsè kù, àbí èlé ni? Tí wọ́n bá dáhùn bí èésú, ẹ gbà á. Tí wọ́n bá dáhùn bí òṣómàáló, ẹ wo agbára yín. Tí ó bá jẹ́ ti ìwọ̀fà, ẹ sá. Ẹ tún tẹ ọ̀rọ̀ yìí sí àwọn ọmọ yín lókè òkun, àwọn ló sún mọ́ káàdì jù.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó ra páànù ogún lọ́dún yìí, tó ra ogún lọ́dún tó ń bọ̀, ilé rẹ̀ á pé, oorun rẹ̀ á sì dùn. Ọlọ́run á jẹ́ ká kọ́lé, á jẹ́ ká gbé inú rẹ̀. Àṣẹ.